Wọ́n Ń Sinmi Nítorí Akéwì

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdọọdún, ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni ní orílẹ̀-èdè Slovenia. Kì í ṣe ọjọ́ òmìnira, kì í sì í ṣe ọjọ́ ọ̀gágun kankan. Ọjọ́ ikú akéwì ni. France Prešeren, agbẹjọ́rò tó kú ní ìlú Kranj lọ́dún 1849, ni wọ́n ń rántí.

Ẹnìkan lè sọ pé eré àwọn tó ti yó nìyẹn, pé ewì kì í kún ikùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún tí wọ́n dá ọjọ́ náà sílẹ̀: 1945 ni, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí. Àwọn tó ń bá ọ̀tá jà ló pa á láṣẹ. Àwọn Jámánì tó gba apá àríwá ilẹ̀ wọn ti lé èdè wọn kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí ọ̀tá ń lépa kọjá ilẹ̀ nìkan.

Ohun tí Prešeren ṣe gan-an ló yẹ ká wò. Lábẹ́ ìjọba Austria ìgbà ayé rẹ̀, èdè Jámánì ni ti ọ́fíìsì àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó gbọ́ ọ dáadáa, ó tilẹ̀ kọ ewì ní èdè náà. Síbẹ̀, èdè àwọn àgbẹ̀ tó bí i ló fi kọ èyí tó jinlẹ̀ jù nínú èrò rẹ̀. Zdravljica, ewì tó kọ lọ́dún 1844, kò jáde títí di 1848 nítorí àwọn tó ń yẹ ìwé wò fún ìjọba. Lónìí, ẹsẹ̀ kan nínú rẹ̀ ni orin orílẹ̀-èdè wọn. Ẹni bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Prešeren da omi, àwọn ọmọ-ọmọ ló tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ará Slovenia kò ju bíi mílíọ̀nù 2 lọ. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èdè wà tí àwọn tó ń sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, síbẹ̀ ìkíni, àdúrà àti òwe nìkan la fi sílẹ̀ fún un. Òfin, ìṣirò owó ìlú àti ìmọ̀ ìṣègùn, èdè àwọn tó jọba lé wa lórí la fi ń kọ wọ́n.

Èmi kò bẹ ìjọba fún ọjọ́ ìsinmi mìíràn. Ọdún 96 ló wà láàárín ikú Prešeren àti ìgbà tí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n fi bọlá fún un sílẹ̀. Iṣẹ́ ló ṣáájú. Ẹni tó bá mọ òfin, kó fi èdè rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ sínú ìwé. Dókítà náà, kó kọ tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ohun tó le, kí àwọn ọmọ wa lè rí nǹkan kà.