Ọ̀rẹ́ Mi Ni Ẹnu Mi ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, bí ẹ bá gbọ́ pé mo lo òpin ọ̀sẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ẹ má rò pé mo wọ bàálù. Aradagun ni ilé wa. Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo lórí máàpù, sún mọ́ wa ju Ìsàlẹ̀ Èkó lọ. Ní àárọ̀ Sátidé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ ọkọ̀ Sẹ̀mẹ̀, a ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà ní ẹnubodè, a sì kọjá.

Láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti jọ ń bọ̀. Ọmọ Ògù ni, àwọn tí Yorùbá ń pè ní Ẹ̀gùn. Ní kíláàsì wa nígbà náà, tó bá ti sọ èdè rẹ̀, ẹ̀rín ni. Èmi náà rín in. Nígbà tí a fi máa wọ girama, kì í sọ ọ́ níta mọ́.

Ní Àjàṣẹ́, èmi tí mo fẹ́ gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mo wá di odi. Faransé mi kò kọjá “bonjour”. Yorùbá gbà mí díẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ló ná owó ọkadà, òun ló bèèrè ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá alákàsà kan bi í pé ọmọ ta ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀ sókè bẹ́ẹ̀.

Èmi dákẹ́, mo ń tẹ́tí. “Kuabọ” ni wọ́n fi kí wa: “káàbọ̀” wa nìyẹn. “Kẹ̀kẹ́nọ̀” ni wọ́n ń pe ọlọ́kadà: kẹ̀kẹ́ jẹ́ tiwa, “nọ̀” tó túmọ̀ sí oní-nǹkan jẹ́ tiwọn. Ní 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fẹnu kò lórí ààlà yìí ní Paris. Wọn ò pe èdè sí ìpàdé náà, èdè ò sì gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn.

Èrò mi rèé. A máa ń kígbe pé Gẹ̀ẹ́sì ń pa Yorùbá, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ní Bàdágìrì, ta ló ń pa Ògù lẹ́nu mọ́? Ẹ̀rín tiwa wà níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Capo, tó ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Ilorin, tẹ ìwé jáde ní 1991 lórí ìró àwọn èdè Gbè, ẹbí tí Ògù wà. Mélòó nínú wa ló ti ṣí i? Ẹnìkan á ní Faransé ló ń mú owó wá. Kó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Faransé kọ́ ni ìyá alákàsà fi bèèrè ọmọ ẹni tí a jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí àpilẹ̀kọ, ẹ wá sí Aradagun. Ẹ ò nílò físà.

Bí a ṣe kọjá ẹnubodè padà lọ́jọ́ Àìkú, ọ̀rẹ́ mi rọ ohùn sílẹ̀, ó padà sí Yorùbá. Inú ọkọ̀ yẹn ni mo ti tọrọ àforíjì fún ẹ̀rín ọjọ́sí. Ó ní òun ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé kò gbàgbé. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ mi ní èdè rẹ̀. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni wọ́n sì ń fi rẹ́rìn-ín báyìí.