Kẹ̀kẹ́ Tí Ó Yẹ Ilẹ̀ Olókè

Àṣà kẹ̀kẹ́ ológeere tún ti yí padà láàrin àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńláńlá. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ tí jíà rẹ̀ tó 18 tàbí 21 ni wọ́n ń wá kiri. Láti ìgbà náà, ní London àti ní New York, ọ̀pọ̀ ti padà sí kẹ̀kẹ́ onírin àtijọ́: wọn a tú gbogbo jíà rẹ̀ dànù, wọn a fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gun èyí tí ẹsẹ̀ kò lè sinmi lórí rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí táyà bá ń yí. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Nítorí náà ó tọ́ kí àwọn ará Ìkọ̀lé, Ọyẹ́, Ìdó àti gbogbo àríwá Èkìtì yẹ ẹṣin iwájú yìí wò dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Ìjọba Àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù. Lítà epo tí kò tó ₦200 ṣáájú ìgbà náà ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí. Olùkọ́ tí ń ti ìlú kan lọ kọ́ni ní ìlú kejì mọ ohun tí èyí mú bá owó oṣù rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá Ìdó.

Àwọn àgbà olùkọ́ yóò jẹ́rìí pé ohun tí a fẹ́ sọ kì í ṣe àlá. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń rìn láti abúlé dé abúlé. Bí irin rẹ̀ bá dá, ajórinmọ́rin tí ó wà nítòsí lè jó o pọ̀. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti òde òní kò ṣeé tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrè, ìlú Ògún Onírè, wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́. Kò yẹ kí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọmọ Èkìtì ní iyì irin.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Èkó tẹ́jú, òkè ni ilẹ̀ Èkìtì. Ẹ jẹ́ kí a mú kẹ̀kẹ́ onítáyà ínṣì 28 tí irin eléyín iwájú rẹ̀ ní eyín 48, tí ti ẹ̀yìn ní 18. Bí ẹsẹ̀ bá yí i lẹ́ẹ̀kan, yóò rìn tó mítà 6. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, ire ni. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ìyà ni. Ìdí nìyí tí àwọn bàbá wa fi ń sọ̀kalẹ̀ tì í.

Èrò wa ni pé kí a mú irin àtijọ́, kí a má mú jíà ẹyọ kan. Ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ti Nottingham ti ń ṣe jíà mẹ́ta láti ọdún 1902. Èyí tí wọ́n mú jáde ní 1936, tí wọ́n pè ní AW, ṣì wà lórí àtẹ; Taiwan ni a ti ń ṣe é nísinsìnyí. Jíà kìíní rẹ̀ ń dín ìwúwo kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀kẹta ń fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún eré. Inú ìdí táyà ẹ̀yìn ni ó fara pamọ́ sí pẹ̀lú òróró rẹ̀, tí eruku àti ẹrẹ̀ kò fi tètè bà á jẹ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kí ó fi eyín 22 rọ́pò 18 ẹ̀yìn. Eré yóò dín, làálàá náà yóò dín. Kí ó sì tún bíréèkì ṣe, nítorí bíréèkì àtijọ́ kì í mú dáadáa bí òjò bá rọ̀.

Àwọn kan yóò wí pé àmì òṣì ni kẹ̀kẹ́. Mark Rutte, tí ó ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Netherlands láti 2010 títí di 2024, a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Ta ni ó pè é ní òtòṣì?

Nítorí náà, a ń ké sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó-Òsì: nígbà tí ẹ bá ń tún ọ̀nà ṣe, ẹ fi àyè sílẹ̀ létí rẹ̀ fún ológeere. Ẹ yá olùkọ́ lówó ra kẹ̀kẹ́, kí ó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbàgbé kẹ̀kẹ́ tí obìnrin lè fi ìró gùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́ àtúnṣe jíà ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ ń tẹ̀lé, àwọn tí ń pín alùpùpù nígbà ìbò kò ní bá yín ra epo lẹ́yìn ìbò. Kí wọ́n tó gba ìbò yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọn yóò ṣe fún olùkọ́ tí ń fẹsẹ̀ rìn.