Kí Ló Kan Lọ́yà Kan Òkú?

Ìyá aláṣọ kan ló kọ lẹ́tà sí wa. Ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní yunifásítì, ọmọ náà wá sọ fún un pé wọ́n fẹ́ máa kọ́ àwọn ní bí dókítà ṣe ń yẹ òkú wò, àti bí wọ́n ṣe ń mọ ohun tó pa èèyàn. Inú bí ìyá. Ó ní iṣẹ́ lọ́yà lòun ní kó lọ kọ́, òun ò rán an lọ sí mọ́ṣúárì. Kí ló kan lọ́yà kan òkú?

Mà á, ó kàn án gan-an ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ obìnrin kan fún yín ná.

Ìlú Òyìnbó ló ti ṣẹlẹ̀, Sally Clark sì lorúkọ obìnrin náà. Lọ́yà lòun fúnra rẹ̀, lọ́yà lọkọ rẹ̀, ọlọ́pàá ni bàbá tó bí i lọ́mọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1996, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ṣàdédé kú, ọmọ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Dókítà tó yẹ òkú ọmọ náà wò ní àìsàn àyà ni. Obìnrin yìí tún bí ọkùnrin mìíràn. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 1998, ìyẹn náà tún kú, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹ̀yin ìyá tójú yín ti rí irú ẹ̀ rí, ẹ ò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ẹkún tó máa sun fún yín.

Dókítà kan náà ló yẹ òkú ọmọ kejì wò. Lọ́tẹ̀ yìí ó ní ńṣe ni wọ́n ṣe ọmọ náà léṣe, ó sì yí ohun tó sọ nípa ti àkọ́kọ́ padà. Ni ọlọ́pàá bá gbé ìyá ọmọ, wọ́n ní òun ló pa ọmọ rẹ̀ méjèèjì.

Ní 1999, ẹjọ́ dé kọ́ọ̀tù ní ìlú Chester. Gbajúmọ̀ dókítà ọmọdé kan, Roy Meadow, wá jẹ́rìí. Ó ní nínú irú ilé bíi tiwọn, tí owó wà, tí ẹnikẹ́ni kì í fa sìgá, ọmọ kan péré nínú 8,543 ló lè kú lójijì bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ 8,543 di ọ̀nà 8,543, ó ní kí ọmọ méjì kú báyìí nínú ilé kan ṣoṣo, ìkan nínú mílíọ̀nù 73 ni. Háà! Ta ló máa gbọ́ mílíọ̀nù 73 tí ẹ̀rù ò ní bà á? Nínú àwọn aráàlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́, mẹ́wàá ní ó jẹ̀bi, méjì ò gbà. Ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n jù ú sí.

Ẹ̀yin alátà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ mọ̀ ọ́n ju dókítà yẹn lọ. Ẹ ra apẹ̀rẹ̀ tòmátì méjì. Ọkọ̀ kan náà ló kó wọn wá, oòrùn kan náà ló pa wọ́n lójú ọ̀nà. Ẹ tú àkọ́kọ́, ẹ bá a pé ó ti rà. Ṣé ẹ ó jókòó kí ẹ máa ṣírò pé ó ṣòro kí ìkejì náà rà? Ṣé bí ẹ ó ṣe sáré tú u wò nìyẹn! Ọmọ méjì tó ti inú ìyá kan jáde, tó jẹ́ bàbá kan, tó sùn nínú ilé kan, bíi tòmátì inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n rí. Ohun tó pa ti àkọ́kọ́ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé. Àwa tí a mọ ilé tí wọ́n ti ń pe ọmọ ní àbíkú, kó tó di pé dókítà ṣàlàyé àrùn fòníkú-fọ̀ládìde fún wa, ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, Royal Statistical Society, jáde sọ ọ́ ní 2001 pé ìṣirò yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kódà, ká ní ó tiẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ńkọ́? Púùlù ṣòroó jẹ gan-an. Ẹni tó bá wá jẹ ẹ́, ṣé a ó torí ẹ̀ pè é lólè ni?

Èyí tó dùn mí jù ṣì ń bọ̀. Wọ́n ti yẹ ara ọmọ kejì wò fún kòkòrò àrùn, wọ́n sì rí i, títí kan inú omi tó wà nínú egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Dókítà tó yẹ òkú wò mọ̀ nípa ẹ̀, kò sọ fún kọ́ọ̀tù. Obìnrin yìí pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2000, wọ́n dá a nù. Ìgbà tí ìwé àyẹ̀wò yẹn jáde láti ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ yí padà, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2003, lẹ́yìn tó ti lo ohun tó lé lọ́dún mẹ́ta lẹ́wọ̀n. Kò gbádùn ara rẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Ó kú ní 2007, ẹni ọdún 42.

Lọ́yà kún kọ́ọ̀tù yẹn lọ́jọ́ náà o, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn gan-an, lọ́yà ni. Ìwé òfin, wọ́n kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá kọ́ lọ́yà ní iṣẹ́ dókítà díẹ̀, báwo ló ṣe máa mọ ohun tó yẹ kó béèrè? Ìwádìí mélòó lẹ ṣe? Èsì rẹ̀ dà? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yí ọ̀rọ̀ yín padà? Ta ló kọ́ yín ní ìṣirò? Mà á, ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ yín nìyẹn. Wọn ò ní kó mú ọ̀bẹ.

Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun. Ní Edinburgh, nílẹ̀ Scotland, ọdún 1807 ni wọ́n ti dá ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn amòfin ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi í sí. Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sórí àga náà, Robert Christison, ló jẹ́rìí nígbà ẹjọ́ Burke àti Hare ní 1828, àwọn ọ̀daràn tó pa èèyàn mẹ́rìndínlógún, tí wọ́n ń ta òkú wọn fún dókítà. Ara òkú obìnrin tí wọ́n rí kẹ́yìn lé. Christison lọ na òkú mìíràn, kó lè mọ̀ bóyá ara lè lé bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ikú. Nígbà tó dé kọ́ọ̀tù, ó ní ó ṣeé ṣe gan-an pé ńṣe ni wọ́n pa obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò búra pé ó dá òun lójú. Ẹ fi ìyẹn wé mílíọ̀nù 73.

Nílé níbí náà, òfin ẹ̀rí ọdún 2011 gbà kí ọ̀mọ̀ràn iṣẹ́ sọ èrò rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù. Ní Èkó, òfin ọdún 2007 fàyè sílẹ̀ kí wọ́n jókòó wádìí ikú òjijì àti ikú ẹni tó kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá. Ẹni tó máa bá ìdílé olóògbé béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀, lọ́yà ni.

Ẹni tí dókítà bá ti jẹ́rìí nínú ẹjọ́ rẹ̀ rí, yálà ó gbè é ni o, tàbí kò gbè é, kó kọ̀wé sí wa. Àyè ń bẹ lójú ìwé lẹ́tà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.