Irúgbìn Inú Ilé: Kí Ni A Ń Fi Lé Àwọn Ọmọ Wa Lọ́wọ́?

Àwọn àgbà ní bí oúnjẹ bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, oúnjẹ gan-an ti di ìṣòro. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu kéde ọ̀ràn oúnjẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn pàjáwìrì. Nígbà tí ó fi di oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ ìṣirò ti ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé owó oúnjẹ ti fi ohun tí ó lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. A ti gbọ́ nípa owó epo, àìsí ààbò ní oko àti ọ̀nà tí kò dára. Ohun tí a kì í sábà mẹ́nu bà ni irúgbìn, àti ọmọ tí yóò gbìn ín lọ́la.

Ojú ọjọ́ ti ń yí padà. Ní ọdún 2022, ìkún omi pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì gbá ọ̀pọ̀ oko lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí ó sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àgbàdo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù a gbẹ, àgbẹ̀ a sì tún oko gbìn. Ẹni tí ó ní irúgbìn nílé yóò tún un gbìn kíákíá. Ẹni tí kò ní yóò kọ́kọ́ wá owó. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu àgbàdo tí àwọn onímọ̀ mú jáde nípa síso oríṣi méjì pọ̀, nítorí ó ń so dáadáa. Ṣùgbọ́n bí a bá tún ọmọ rẹ̀ gbìn, ìkórè ọdún kejì a dínkù, a ó sì máa rà á lọ́dọọdún. Àwọn ìyá wa a máa ṣa àgbàdo tí ó dára jù, wọn a fi í kọ́ sókè ààrò kí èéfín má jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Wọn a fi eérú po ẹ̀wà irúgbìn.

Irúgbìn wọ̀nyí kò tíì run tán. Ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967, tọ́jú irú ẹ̀wà tí ó lé ní 15,000 sínú yàrá tútù. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, yàrá tútù kò lè kọ́ ọmọ bí a ti ń se sèsé tàbí ìgbà tí a ń gbin òtílì àti ẹ̀pà rorò. Àwọn àgbàlagbà wa ni ó ni ìmọ̀ yìí, ó sì ń bá wọn wọ sàréè.

Kí ni àwa fi ń kọ́ ọmọ? Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àti ti ìjọ pẹ̀lú, ọkọ́ àti àdá ni a fi ń jẹ ọmọ tí ó pẹ́ dé níyà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò gbà pé oko ni ibi tí a ń rán aláìgbọràn lọ. Lẹ́yìn náà, a ó gun orí àga ìwàásù, a ó máa kédàárò pé àwọn ọ̀dọ́ kò fẹ́ ṣe àgbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Jósẹ́fù. Nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 47, kò fún àwọn ará Íjíbítì ní oúnjẹ nìkan. Ó fún wọn ní irúgbìn pẹ̀lú, kí wọ́n lè padà sí oko.

Ìjọ ní ilẹ̀, ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ó sì ní Ìkórè àwọn ọmọdé, èyí tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ti àpò ìwé owó nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ẹ jẹ́ kí a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà ìbílẹ̀. Kí ó kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ọjọ́ tí ó dá sínú ìwé, kí òun fúnra rẹ̀ lè rí bí ojú ọjọ́ ti ń yí padà. Kí ìyá àgbà kan nínú ìjọ kọ́ ọ bí a ti ń ṣa irúgbìn. Ní ọjọ́ Ìkórè, kí a se apá kan jẹ, kí a sì fi apá kejì pamọ́ fún àwọn ọmọ ọdún tí ń bọ̀.

Ọlọ́run ṣèlérí fún Nóà pé gbígbìn àti kíkórè kò ní dópin láyé. Ìlérí náà dúró, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní irúgbìn kò ní ohun tí yóò kórè. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, kí òjò àkọ́rọ̀ tí ń bọ̀ má ṣe bá wa ní ọwọ́ òfo.