Kí Agbárí Mọ́ Kí Ìwo Tó Wọ Bàálù

Àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà tó ń gbé ìwo àgbọ̀nrín àti ẹran wọ bàálù máa ń ráhùn pé òfin le jù: ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní kí wọ́n yọ egungun kúrò nínú ẹran, kí wọ́n sì ha agbárí títí yóò fi mọ́ tónítóní. Mo fara mọ́ òfin náà. Ìdí ni pé àrùn tó ń jẹ ọpọlọ àgbọ̀nrín, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Colorado lọ́dún 1967, ti tàn káàkiri. Inú ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ló pọ̀ sí jù, sísè kò sì pa á. Lóòótọ́, kò tíì sí ẹ̀rí pé ó ran ènìyàn. Ṣùgbọ́n egungun ẹran tó ní àrùn náà tí ọdẹ kan jù sẹ́yìn ilé lè ba ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ ha agbárí yẹn kí ẹ tó gbéra.