"Dókítà wa" náà ń ṣàárẹ̀ o

1/ Ẹ jọ̀ọ́, thread yìí máa gùn díẹ̀. Tó o bá ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà, ìwọ gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

2/ Ọmọ Agbabu ni mí, ní Odigbo. Ọjọ́ tí mo rí admission fún Medicine ni orúkọ mi ti parẹ́. Láti 100 level ni gbogbo àdúgbò, títí dórí àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé wa lọ sí Ore, ti ń pè mí ní "Dókítà wa". Mi ò tíì mọ abẹ́rẹ́ gún o! Bàbá mi sì ti gba owó kòkó sílẹ̀ kó tó so, torí school fees.

3/ 300 level, Part I MB dé: Anatomy, Physiology, Biochemistry. Mo fìdí rẹmi. Tí resit bá tún bọ́, wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló máa dá owó kòkó padà? Mi ò rí oorun sùn, oúnjẹ ò wọlé. Màá ṣí ìwé láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò ní ka ojú ewé kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

4/ Roommate mi ní kí n lọ rí counsellor. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo ka orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn. Ọ̀kan lára àwọn tó máa bi mí ní ìbéèrè nínú resit ni! Mo yí padà. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa wọlé?

5/ Tá a bá sọ̀rọ̀ báyìí, àwọn ọ̀gá á ní, "Àwa náà là á kọjá, a ò kú." Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀yin tí ẹ ò kú lẹ ń sọ̀rọ̀. Àwọn tó kú ò lè dá yín lóhùn.

6/ March 2017, dókítà kan gba ẹ̀mí ara rẹ̀ l'Ékòó. Gbogbo ìlú pariwo, lẹ́yìn náà a dákẹ́. September 2023, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe house job ní LUTH kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní wákàtí 72 ló fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú. A tún pariwo. A tún dákẹ́.

7/ Ní January 2023, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ, a pàtẹ́wọ́. Àmọ́ abala 327 òfin ìwà ọ̀daràn ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà: ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Ta ló fẹ́ lanu sọ pé òun ń rò ó?

8/ Ẹ má sọ fún mi pé nǹkan òyìnbó ni o. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti ń ṣe é ní Aró, l'Ábẹ́òkúta. Àwọn aláìsàn ń gbé láàárín abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Ọmọ Yorùbá ló fi han ayé pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ kò yẹ kó dá wà. Kí ló wá dé tá a fi ń dá àwọn dókítà ọ̀la dá a?

9/ Ní London, láti 2008 ni ibì kan ti wà tó wà fún àwọn dókítà tó ń ṣàárẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ní ta sí ọ̀gá wọn létí. Àwọn tó já pa lọ síbẹ̀ lè lò ó. Àwa tá a dúró ńkọ́?

10/ Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀:
– Counsellor tí kì í kọ́ wa, tí kì í máàkì wa.
– Kí call ní òpin. Tó o bá ṣe é mọ́jú, lọ sílé, lọ sùn.
– Kí ẹnì kan pe ẹni tó fìdí rẹmi kí wọ́n tó lẹ result mọ́ ògiri.

11/ Roommate mi ò gbà fún mi. Ó pe ìyá mi. Màámi wá láti Agbabu pẹ̀lú ẹja gbígbẹ, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ní: "Ta ló ní kó o kú torí dókítà? Kó o tó di dókítà, ọmọ mi ni ẹ́." Mo sunkún títí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sùn.

12/ Mo yege nínú resit. Kì í ṣe torí pé mo le bí irin o. Ẹnì kan ló pe ìyá mi. Èwo ni ti ẹni tí kò ní roommate bẹ́ẹ̀? Ṣé oríire la fẹ́ fi ṣe ètò?

13/ Tó bá jẹ́ pé ìwọ lò ń ka èyí lóru, tí ayé ti sú ẹ, jọ̀ọ́ má dá wà. Pe ẹnì kan báyìí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ pe "Dókítà" yín lónìí. Ẹ má bi í nípa exam. Ẹ bi í pé: "Ṣé o sùn?"