Rambo Nìkan Ni Àwọn Ọmọ Wa Mọ̀

Ẹ bi àwọn ọmọ wa ní Òkè Ọya níhìn-ín léèrè sójà tó ti ogun dé, Rambo ni wọn yóò dárúkọ. Ìbọn rẹ̀ ni wọ́n rántí. Bẹ́ẹ̀, nínú First Blood, fíìmù àkọ́kọ́ tó jáde ní 1982, ọkùnrin náà kò wá ìjà. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ja ogun Vietnam ló wá lọ, ó bá a pé ó ti kú. Ọlọ́pàá lé e kúrò nílùú. Ẹkún ló sun kẹ́yìn.

Tiwa ńkọ́? Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, fara gbọta ní Burma ní 1944. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan níbẹ̀ ló fi í pamọ́. Ta ló ya fíìmù rẹ̀ ní 2011? Al Jazeera, láti Qatar! Kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe Sùúrùlérè.

Àwọn oníṣẹ́ fíìmù wa á ní ogun gbówó lórí. Irọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi! Ta ló ní kí wọ́n ra àgbá? Ìyá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tó ń tiro bọ̀, ó tó. Owó ààfin àti àjẹ́ ṣáà ń wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá lọ Burma nínú wa, kó sọ ọ́ létí àwọn ọmọ lálẹ́ òní, kí wọ́n tó tan Rambo.